Omi ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú fírémù báísíkù: ibo ló ń gbà wọlé, báwo la ṣe ń lé e jáde?

Arìnnàkore

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ báísíkù. Tòkunbọ̀ onírin ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá ìjókòó rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù 27.2 mm, bottom bracket rẹ̀ (áàsù pẹ́dà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti ilé rẹ̀ nísàlẹ̀ fírémù) sì jẹ́ onítíréèdì, 68 mm. Bí òjò bá rọ̀ tán tí mo gbé iwájú rẹ̀ sókè, omi á máa mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú rẹ̀. Omi pupa tún ń kán lábẹ́ ibi tí áàsù pẹ́dà gbà kọjá. Ibo lomi yìí ń gbà wọlé? Ṣé kí n fi sílíkónì dí gbogbo ihò tí mo bá rí ni? Wọ́n tún ní kí n lu ìsàlẹ̀ fírémù níhò, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ kú ilé o. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sílíkónì. Bó ti wù ká dí fírémù tó, omi á ṣì wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa ni kí èyí tó bá wọlé má ríbi jókòó.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé inú fírémù ni ìró yẹn ti ń wá. Ríìmù alumíníọ̀mù olójú méjì náà máa ń gbomi dúró. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ rọra máa yí i, ẹ dẹtí sí i. Bí ìró omi bá ń bá táyà yí, ríìmù ni. Ẹ tú táyà àti túùbù, ẹ gbé ríìmù dúró kí ihò fáàfù wà nísàlẹ̀, omi á jáde.

Bó bá jẹ́ fírémù, ẹnu páìpù tí ọ̀pá ìjókòó wọ̀ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n la ẹnu páìpù yẹn kí kíláǹpù lè rí i fún mọ́ ọ̀pá. Lára ọ̀pọ̀ fírémù, ẹ̀yìn ni ojú ibi tí wọ́n là yẹn kọ sí, ẹ̀yìn náà sì ni táyà ti ń ju omi ọ̀nà sókè bí kò bá sí mọ́dígáàdì. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé, bottom bracket ló ń ṣàn lọ, torí kò síbi tó rẹlẹ̀ tó o nínú fírémù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orí ọ̀pá ìjókòó. Àwọn ọ̀pá kan ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọn ò bá sì dí orí rẹ̀, òjò á gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni da omi sínú àrọ. Ẹ wo ihò bóòtù tí wọ́n fi ń de ìgò omi mọ́ fírémù. Bí ẹ kì í bá lo ìgò, ẹ má fi ihò náà sílẹ̀ lásán: ẹ fi bóòtù M5 kúkúrú (èyí tó nípọn ní 5 mm) dí i, kí ẹ fi gírísì pa tíréèdì rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wáyà bíréèkì àti ti gíà ti wọ inú páìpù, bóyá rọ́bà kékeré tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti já bọ́. Ọrùn hándù náà ń gba omi, àmọ́ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ ìyà rẹ̀ ju fírémù lọ.

Wẹ́dà_Irin

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ihò wẹ́wẹ́ kún ohun tí Ọ̀gá sọ, torí èèyàn púpọ̀ máa ń rí wọn tí wọ́n á rò pé àṣìṣe ni.

Bí a bá ń fi iná so páìpù irin pọ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù á gbóná, á sì máa wú. Bí kò bá ríbi gbà jáde, ojú ìsopọ̀ tí irin ti yọ́ ló máa gbà bẹ́ jáde, á sì dá ihò sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lu ihò tó tó 2 tàbí 3 mm sára apá ẹ̀yìn méjèèjì, ìyẹn páìpù tó di táyà ẹ̀yìn mú, àti ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ẹ wá wọn lápá inú, nítòsí ibi tí áàsù táyà ti wọ̀.

Èyí tó bá kọjú sílẹ̀ nínú wọn, ẹ fi sílẹ̀, ojú ọ̀nà omi ni. Èyí tó bá kọjú sókè tàbí tó dojú kọ táyà, ẹ lè fi gírísì líle dí i nígbà òjò. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ yìí o: apá tó ní ihò kan ṣoṣo, ẹ má dí ihò yẹn nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ ti fi omi há síbẹ̀ nìyẹn, láti inú ni irin á ti máa jẹ títí ọ̀dà òde á fi wú.

Táyọ̀_Lórí_Kẹ̀kẹ́

Èmi ò gbà pé kí a má lo sílíkónì, sà. Bí gbogbo ojú ihò bá dí pinpin, ibo ni omi fẹ́ gbà?

Ìyá_Ṣéènì

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òòrùn àti òjò ń ṣe níbí. Báísíkù tí wọ́n gbé sínú òòrùn ọ̀sán lè gbóná dé 60°C, pàápàá bí ọ̀dà rẹ̀ bá dúdú. Òjò dé lójijì, fírémù tutù wá sí 25°C láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Páìpù mẹ́ta tó gbọ̀ngbọ̀n lára fírémù irin àgbàlagbà gba afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi líítà kan. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 100 mílílítà, àyè yẹn ò sì ní ṣófo: fírémù á fa nǹkan mìíràn wọlé dípò rẹ̀.

Bí ihò bá wà nísàlẹ̀ tí kò sí lójú omi, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Bí ẹ bá ti fi sílíkónì dí gbogbo rẹ̀, ibi tó bá kù tí kò dí tán, ó lè jẹ́ ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọ̀pá ìjókòó tí omi òjò ti bò, ibẹ̀ ló máa fà á gbà. Omi ti wọlé nìyẹn, sílíkónì tí ẹ fi dí ìsàlẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó jáde. Irú fírémù bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lómi ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lọ.

Afẹ́fẹ́ tútù náà tún ń wọlé bẹ́ẹ̀. Lóru, tí ara fírémù bá tutù ju afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ, omi á máa là sára páìpù nínú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń là sára ìgò omi tútù. Kò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ojoojúmọ́ ni nígbà òjò.

Táyọ̀_Lórí_Kẹ̀kẹ́

Ó ti yé mi, mà. Òkè nìkan la ó dí, a ó ṣí ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá_Ṣéènì

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Arìnnàkore, kí ẹ tó ronú díríìlì, ẹ da èyí tó wà níbẹ̀ nù ná. Ẹ fi téèpù yí ọ̀pá ìjókòó lẹ́bàá ibi tó ti wọ páìpù, kí gíga rẹ̀ má bàa sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tú kíláǹpù, ẹ yọ ọ̀pá kúrò pátápátá. Ẹ wá gbé báísíkù dúró gangan lórí táyà ẹ̀yìn, kí iwájú wà lókè, kí omi tó wà nínú páìpù ìsàlẹ̀ lè sọ̀ wá sí bottom bracket. Láti ibẹ̀, ẹ rọra da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn títí ẹnu páìpù ìjókòó á fi kọjú sílẹ̀. Àwọn tó kàn ń dojú báísíkù dé lórí hándù àti ìjókòó, ìdajì omi ni wọ́n ń dà padà sí apá ọrùn, wọ́n á sì rò pé ó ti tán.

Ẹ gbe ife sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo omi náà. Bó bá mọ́, kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Bó bá pupa, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀, gírísì inú bottom bracket ló ń fọ̀ jáde yẹn, kí ẹ tètè tú u.

Lẹ́yìn náà, ẹ so àkísà gbígbẹ mọ́ wáyà gígùn, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde títí kò fi ní tutù mọ́. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹnu páìpù wà ní ṣíṣí fún wákàtí 24, ó kéré tán. Ẹ má fi iná wẹ́dà tàbí sítóòfù gbẹ ẹ́, ọ̀dà á jó, rọ́bà á sì bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojú ibi tó ń gbà wọlé, nígbà tí inú rẹ̀ bá gbẹ tán, ẹ dá ọ̀pá ìjókòó padà. Ẹ fi kẹ́ẹ̀tì tàbí ike omi máa da omi sí ojú kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tú u, ẹ wò ó. Ẹ tún bọ́ sí ojú kejì. Ó gba sùúrù, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa fi sílíkónì lẹ káàkiri lọ.

Arìnnàkore

Mo ti dà á, mà. Ó ju ìdajì ife lọ, ó pupa. Ojú ibi tí wọ́n la ẹnu páìpù sí ló ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ló kọ sí lóòótọ́.

Ọ̀gá_Sípánà

Ó dáa. Oògùn ẹnu páìpù ìjókòó nìyí.

Bí kíláǹpù yín bá jẹ́ èyí tó dá dúró, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n jó mọ́ fírémù, ẹ yí i kí ojú tirẹ̀ má ṣe bá ojú ìlà fírémù mu. Apá tó di gọ̀ǹgọ̀ lára kíláǹpù á wá bo òkè ìlà náà. Ẹ fi gírísì pa ara ọ̀pá dáadáa kí ẹ tó tì í wọlé, ẹ sì fún kíláǹpù dé 5 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù) tàbí iye tí wọ́n kọ sí i lára. Gírísì yẹn ń dí àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti páìpù. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí mo máa sọ láìpẹ́.

Ẹ wá gé rọ́bà túùbù àlòkù, túùbù 26 tàbí 28 tó nípọn ni kí ẹ lò, gígùn rẹ̀ kó jẹ́ 6 tàbí 7 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ti kọ́kọ́ fi í sára ọ̀pá kí ẹ tó de ìjókòó. Bí ẹ bá fún kíláǹpù tán, ẹ fà á wálẹ̀ kó bo ojú ìlà náà tán pátápátá, kó sì gun ọ̀pá ní 2 sẹ̀ǹtímítà lókè. Ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ọn. Bó bá tú, omi á dúró sínú rẹ̀, á wá burú ju àtẹ̀yìnwá lọ. Lóṣooṣù nígbà òjò, ẹ gbé e sókè, ẹ nu abẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn ṣì lágbára ju gbogbo èyí lọ. Báísíkù àtijọ́ kò ṣàdédé ní mọ́dígáàdì gígùn. Bí ti yín ò bá ní, ike pẹlẹbẹ tí a so mọ́ abẹ́ ìjókòó, tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, á gba púpọ̀ nínú omi táyà dúró.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkìlọ̀ ni mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń ra tòkunbọ̀. Ní ìlú òyìnbó níbí, iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má bàa mú ọ̀nà. Omi tó wọ fírémù nígbà yẹn, omi iyọ̀ ni. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ ò bá a lọ. Báísíkù náà á wọ kọ̀ǹténà, á dé Èkó, ọ̀rinrin Èkó á tún jí iyọ̀ yẹn, irin á máa jẹ lọ nínú kí ẹni tó rà á tó gùn ún rárá.

Nítorí náà, tòkunbọ̀ onírin, ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan inú rẹ̀. Ẹ yọ bottom bracket, ẹ da líítà kan tàbí méjì gba ẹnu páìpù ìjókòó, kí ó máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ wá gbẹ ẹ́ bí àǹtí ṣe wí. Ó dà bí ìgbà tí a ń fi omi wo àrùn omi, àmọ́ iyọ̀ ni à ń lé, omi nìkan ló sì lè yọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi òtútù bíi tiwa, omi tó bá di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá kún ìsàlẹ̀ páìpù tó sì dì lóru, ó lè fa páìpù ya ní gígùn. Kò sí irin tàbí alumíníọ̀mù tí ìyẹn ò lè ṣe. Ẹ má gbé báísíkù tó ní omi nínú sílẹ̀ sí ìta nígbà òtútù.

Wẹ́dà_Irin

Ọ̀rọ̀ ìhò lílù ló kù. Bí fírémù bá jẹ́ irin, tí kò sì ní ihò lábẹ́ bottom bracket, ẹ lù ú. Kò ní sọ fírémù di aláìlágbára, bí ẹ bá lù ú síbi tó yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fojú wá a. Àwọn fírémù kan ti ní ihò níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹrẹ̀ tàbí ọ̀dà ló dí i. Lára àwọn mìíràn, ike tó ń darí wáyà gíà lábẹ́ bottom bracket ni wọ́n fi bóòtù kan dè, bóòtù yẹn sì wọ inú lọ. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí omi bá jáde, ẹ ti rí ojú ọ̀nà. Ẹ lu àárín bóòtù náà níhò 2.5 mm, tàbí kí ẹ lo bóòtù tó ti ní ihò láàárín, kí ẹ dá a padà. Fírémù ò ní fara gbá a.

Bí kò bá sí, ẹ yọ bottom bracket kúrò ná. Ẹ má lu ihò nígbà tó ṣì wà nínú, ẹnu díríìlì á gún un. Ibi tí èèyàn púpọ̀ ti ń ba tíréèdì jẹ́ rèé: lára bottom bracket 68 mm onítíréèdì Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀tún, ìyẹn apá ṣéènì, òdì ló ń yí. Ọwọ́ aago ni ẹ máa yí i sí láti tú u. Apá òsì ń yí bó ṣe yẹ. Ti Ítálì, tó fẹ̀ ní 70 mm, apá méjèèjì ló ń yí bó ṣe yẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi agbára.

Ẹ gbé fírémù bí ìgbà tó bá dúró lórí táyà méjèèjì. Ẹ wá ojú tó rẹlẹ̀ jù. Lójú 68 mm, 34 mm láti etí kọ̀ọ̀kan ni àárín rẹ̀, tíréèdì ò dé ibẹ̀. Ẹ jìnnà sí ojú ìsopọ̀ páìpù, ẹ jìnnà sí ihò bóòtù wáyà. Ẹ fi pọ́ńṣì lù ú kí ẹnu díríìlì má yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi 2 mm lù ú, kí ẹ wá fi 4 mm fẹ̀ ẹ́. Díríìlì kó máa yí díẹ̀díẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì sí i.

Kí ló dé tí kò fi yẹ kó jẹ́ 2 mm? Omi máa ń rọ̀ mọ́ ihò kékeré. Lójú ihò 2 mm, omi lè ga ní sẹ̀ǹtímítà kan lókè rẹ̀ kó má sì já bọ́. Ẹrẹ̀ tún máa ń tètè dí i. 4 mm tó. Kò sí ìdí fún 8 mm.

Ẹ fi sáńpépà tàbí fáìlì yíká nu etí ihò, nínú àti lóde. Bí irin wẹ́wẹ́ bá kù sínú bottom bracket, bọ́ọ̀lù ló máa jẹ. Ẹ fa magineeti gba inú rẹ̀, ẹ nu ún. Ẹ fi práímà kun etí ihò, kó gbẹ, ẹ fi ọ̀dà kùn ún. Ihò tí ẹ ò kùn ni ìpẹtà máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Arìnnàkore

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹnì kan nítòsí mi ní báísíkù kábọ̀n, ó fẹ́ lu tirẹ̀ náà.

Wẹ́dà_Irin

Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Kábọ̀n kì í ṣe irin, okùn inú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ihò tí ilé iṣẹ́ ò ṣètò lè mú kó ya, ó sì máa fi wáráńtì rẹ̀, ìyẹn ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ fún un, ṣòfò. Kábọ̀n fúnra rẹ̀ kì í dípẹtà, àmọ́ bíárìn, bóòtù àti irin kékeré tí wọ́n fi sínú rẹ̀ máa ń dípẹtà. Kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó bi wọ́n ibi tí ihò omi wà. Bí bottom bracket rẹ̀ bá jẹ́ press-fit, ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ wọlé láìní tíréèdì, kó wo ike tó so ife méjèèjì tí bíárìn wà nínú wọn pọ̀ láàárín, bóyá ó ní ihò tó bá ti ìsàlẹ̀ fírémù mu. Kó máa yọ ọ̀pá ìjókòó lẹ́yìn òjò ńlá, kó sì dà á. Alumíníọ̀mù náà, ẹ má lù ú láìbéèrè, pàápàá bó bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú.

Báísíkù oníbátìrì, ẹ má fi díríìlì sún mọ́ ọn rárá. Wáyà àti ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá_Sípánà

Iṣẹ́ kejì gírísì tí mo ní màá sọ: ọ̀pá alumíníọ̀mù nínú páìpù irin. Bí omi bá wà láàárín wọn, pàápàá omi iyọ̀, alumíníọ̀mù á máa jẹ. Lúlú funfun tó ń jáde lára rẹ̀ gba àyè ju alumíníọ̀mù tó jẹ lọ, torí náà á máa tẹ ọ̀pá mọ́ páìpù títí kò fi ní ṣe é yọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìjókòó tó ti há, bó ṣe há nìyẹn. Ẹ máa yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán: nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, àti nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ nu ún, ẹ fi gírísì tuntun pa á. Bó bá jẹ́ páìpù kábọ̀n tàbí ọ̀pá kábọ̀n, ẹ má lo gírísì, ìpara oníyanrìn tí wọ́n ń tà fún kábọ̀n ni kí ẹ lò, kó lè dì í mú.

Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀pá wọlé kọjá àmì tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Nítorí pé ẹ ń yọ ọ́ léraléra, ó rọrùn láti dá a padà sókè jù.

Ìyá_Ṣéènì

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ inú fírémù onírin náà. Bí ẹ bá ti gbẹ ẹ́ tán, tí bottom bracket ṣì wà níta, ẹ fún un ní ọ́ìlì. Èyí tó dára jù ni wax tí wọ́n ń fọ́n sínú ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ mọ́tò, èyí tó ní ọ̀pá rọ́bà gígùn lẹ́nu. Ẹ ti ọ̀pá yẹn wọ páìpù kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fà á jáde bí ẹ ṣe ń fọ́n ọn.

Bí ẹ ò bá rí i, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun á ṣe é. Ẹ fi síríńjì fa 30 sí 50 mílílítà, ẹ fọ́n ọn sínú páìpù ìjókòó àti páìpù ìsàlẹ̀, díẹ̀ gba ihò kéékèèké apá ẹ̀yìn. Ẹ dí àwọn ẹnu náà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àkísà, ẹ wá máa yí fírémù ká, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ara nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkísà, ẹ gbé e sórí páálí fún wákàtí 24 kí èyí tó ṣẹ́kù kán tán. Ẹ nu ríìmù àti bíréèkì dáadáa kí ẹ tó gùn ún. Bíréèkì tí ọ́ìlì kàn ò ní mú.

Epo linseed tí wọ́n ti sè tún dáa ju ọ́ìlì lọ, torí ó máa ń gbẹ di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ irin. Àmọ́ àkísà tí ẹ fi nu ún lè fúnra rẹ̀ gbiná bí ẹ bá ká a jọ sójú kan. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í bọ inú omi.

Ẹ má lo ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ nínú mọ́tò. Ásíìdì àti ìfọ́ irin ti wà nínú rẹ̀, ó sì léwu fún awọ ara. WD-40 dára láti lé omi kúrò, àmọ́ kì í pẹ́ lára irin, ẹ má fi í ṣe ààbò ọdún kan.

Àrẹ̀mọ_Ráléè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní báísíkù àtijọ́ onífírémù gíga, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ihò kékeré wà lára ilé bottom bracket tí wọ́n fi ń kán ọ́ìlì, ìdérí kékeré ló sì máa ń bò ó. Bí ìdérí yẹn bá ti sọnù, ojú àbáwọlé omi ni. Ẹ fi rọ́bà dí i, àmọ́ kó ṣe é ṣí.

Bọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀ náà ò ní ike tó bò wọ́n bí ti tuntun, omi tó bá dé ibẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ ọ́, ẹ ka bọ́ọ̀lù: 11 ló sábà máa ń wà lápá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n 1/4 ínṣì. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Bí ẹ ò bá fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé ike ìgò omi rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ ká a yí àárín ilé náà nínú kí omi àti ìpẹtà tó ń bọ́ láti òkè má bàa kán sí bọ́ọ̀lù. Kí ihò 4 mm sì wà lára ike yẹn nísàlẹ̀, kó bá ti fírémù mu.

Táyọ̀_Lórí_Kẹ̀kẹ́

Fífọ̀ ńkọ́? Kaa-wọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e lọ.

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ́n sí bottom bracket, sí ọrùn hándù, sí àárín táyà tàbí sí ẹnu páìpù ìjókòó. Omi yẹn ń wọ ibi tí òjò ò lè wọ̀, á sì lé gírísì jáde. Korobá, kànìnkànìn àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ má dojú rẹ̀ dé fọ̀ ọ́, torí àwọn ihò tó kọjú sílẹ̀ á wá kọjú sókè.

Bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn mọ́tò tàbí sórí mọ́tò nínú òjò, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń ti omi wọlé pẹ̀lú agbára. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ìjókòó àti ọrùn hándù. Bí ẹ bá dé, ẹ tú ọ̀rá náà kíákíá kó má bàa mú ooru àti ọ̀rinrin dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn létí òkun, Lẹ́kí, Bàdágírì títí dé Kútọnu, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbé iyọ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kódà bí òjò ò bá rọ̀.

Arìnnàkore

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dà ti wú díẹ̀ lábẹ́ bottom bracket àti ní ìsàlẹ̀ apá ẹ̀yìn ọ̀tún. Ṣé fírémù yìí ṣì ṣe é gùn?

Wẹ́dà_Irin

Ọ̀dà tó wú lè jẹ́ ìpẹtà láti òde tàbí láti inú. Ẹ fi sáńpépà fọ ibẹ̀ dé irin. Bí irin bá le, tó dán, tí ìpẹtà rẹ̀ sì jẹ́ ti òde lásán, ẹ kùn ún, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ní kòtò kéékèèké, ẹ fi ẹnu sukurudráíbà tẹ̀ ẹ́ líle. Ibi tó bá rọ̀, tó rì wọlé tàbí tó lu, irin ti tán níbẹ̀. Ẹ tún fi sípánà kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó dára wá sí ibi tó wú: ìró irin tó ṣì nípọn máa ń dún gooro, ti èyí tó ti tinrin máa ń dún kú.

Apá ẹ̀yìn tó lu, a lè gé e ká fi tuntun jó o, bí páìpù yòókù bá dára. Bí ó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ páìpù ìsàlẹ̀ àti bottom bracket ló lu, mi ò ní gbà láti jó o. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹsẹ̀ gbà ń kọjá, bí ó bá já nínú eré, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á ṣubú. Ẹ yọ àwọn ẹ̀yà tó dára lára rẹ̀, ẹ wá fírémù mìíràn.

Ìyá_Ṣéènì

Bó bá ṣì dára, tí ẹ lu ihò náà, ẹ máa fi sípóòkù àlòkù gún un lẹ́yìn ìrìn àjò ẹrẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sípóòkù 2 mm á wọ ihò 4 mm dáadáa. Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rọra yí i ká etí ihò, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ á bọ́. Ẹ má tì í wọlé ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kó má bàa kan ike bottom bracket nínú. Bí omi mọ́mọ́ díẹ̀ bá kán jáde, kò burú. Bí kò bá sí nǹkan tó kán lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó wò, bóyá ihò ló dí tàbí omi ò wọlé rárá.